Les Demoiselles de Rochefort: etí ni kí ẹ fi wò ó

Ẹni tó bá wo Les Demoiselles de Rochefort bí ẹni tó ń wo eré ìfẹ́ lásán, yóò rẹ́rìn-ín, inú rẹ̀ yóò dùn, ṣùgbọ́n ìdajì adùn fíìmù náà ti bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Fíìmù yìí, tí à bá máa pè ní "Àwọn Omidan Rochefort" lédè wa, jáde nílẹ̀ Faransé ní oṣù kẹta ọdún 1967. Jacques Demy ló darí rẹ̀, òun náà ló kọ ìtàn rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń kọ lórin. Michel Legrand ló kọ ohùn orin. Ó lé díẹ̀ ní wákàtí méjì. Ìtàn rẹ̀ kò lọ́jú pọ̀ rárá: èèyàn mẹ́fà tí wọ́n yẹ ara wọn ní méjì méjì wà nínú ìlú kékeré kan náà, wọn kò sì mọ̀. Ọ̀kan á jáde nílé kọfí bí èkejì ṣe ń wọlé. Ọ̀kan á yà sí kọ̀rọ̀ òpópónà nígbà tí èkejì ń yọ láti kọ̀rọ̀ kejì. Ẹni tó ń wò á fẹ́rẹ̀ẹ́ máa pariwo sí tẹlifísọ̀n pé, "Ẹ wẹ̀yìn!" Àwọn tó wà nínú eré kò mọ ẹni tó ni wọ́n. Orin ti mọ̀ tipẹ́.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni ìtàn náà bẹ̀rẹ̀, àárọ̀ ọjọ́ Ajé ló parí. Delphine àti Solange jẹ́ ìbejì. Delphine ń kọ́ àwọn ọmọdé níjó, Solange ń kọ́ wọn lórin, ó sì ń kọ orin ńlá kan fún dùùrù àti ẹgbẹ́ olórin. Àwọn méjèèjì ti pinnu pé Rochefort kò gba àwọn mọ́, Paris làwọn ń lọ. Ìyá wọn, Yvonne, ló ni ilé kọfí onígíláàsì tó wà ní gbàgede ìlú, èyí tí wọ́n ń pè ní Place Colbert. Maxence jẹ́ ọmọ ogun ojú omi tí àkókò iṣẹ́ ológun rẹ̀ ti ń parí lọ; ayàwòrán ni, ó sì ti ya ojú obìnrin kan tí kò rí rí láyé rẹ̀. Ojú Delphine ni, kò yàtọ̀ bíńtín. Àwòrán náà wà lára ògiri ní ilé àfihàn àwòrán ọkùnrin tí Delphine ń bá rìn, ọkùnrin náà sì ń parọ́ fún un nípa ibi tí ayàwòrán náà wà. Simon Dame ṣí ilé ìtajà ohun èlò orin sí ìlú náà nítorí pé ibẹ̀ ló ti mọ obìnrin kan tó fẹ́ ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn. Ẹnì kan tó jẹ́ olórin ará Amẹ́ríkà, Andy Miller, ọ̀rẹ́ Simon láti ilé ẹ̀kọ́ orin, wá kí i. Lẹ́yìn náà ni àwọn aláré tó ń kiri ìlú dé pẹ̀lú ọkọ̀ akẹ́rù wọn láti pàgọ́ sí gbàgede fún ayẹyẹ ọjọ́ Àìkú. Ẹni tó bá mọ bí àwọn alárìnjò tiwa ṣe máa ń wọ̀lú, tí wọ́n á ta eré fún ọjọ́ mélòó kan tí wọ́n á sì ká ẹrù wọn, yóò mọ irú ayọ̀ tí àwọn wọ̀nyí gbé dé.

Kókó ibẹ̀ rèé, mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ síbi yìí. Legrand kò fún olúkúlùkù ní orin tirẹ̀. Méjì méjì ló pín in. Ohùn orin tí Maxence fi ń sọ nípa obìnrin tó ń wá kiri ni ohùn kan náà gan-an tí Delphine fi ń sọ nípa ẹni tó ya àwòrán náà. Ọ̀rọ̀ yàtọ̀, ohùn kò yàtọ̀. Simon kọ tirẹ̀ fún Solange ní ilé ìtajà rẹ̀, ó ń ròyìn obìnrin tó fi í sílẹ̀. Yvonne kọ tirẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà nílé kọfí, ohùn kan náà ni. Ìyá Solange ni Simon ń sọ fún Solange lójúkojú, kò sẹ́ni tó mọ̀ nínú àwọn méjèèjì. Orin Solange àti ti Andy náà, ọ̀kan ni wọ́n, láti inú orin dùùrù tí Solange ń kọ ni wọ́n sì ti jáde. Ọmọ Yorùbá tó ti gbọ́ dùndún rí kò nílò àlàyé gígùn lórí èyí. Onílù lè pe orúkọ èèyàn láìla ẹnu, ẹni tó ni orúkọ á sì yíjú padà. Ohun tí Legrand ṣe nìyẹn, àyàfi pé àwọn tí wọ́n ń pe orúkọ wọn nínú eré yìí kò gbọ́. Àwa tí a jókòó síwájú àwòrán nìkan là ń gbọ́.

Nítorí náà, ọ̀nà tó dára jù láti wò ó rèé. Nígbà tí Maxence bá kọ́kọ́ kọrin nílé kọfí Yvonne, ẹ má ṣe lé ìtumọ̀ tí wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀ àwòrán jù. Ó ń ka orúkọ àwọn ibi tó ti wá obìnrin náà dé ni, ẹ ó lóye rẹ̀ láìka gbogbo rẹ̀. Ẹ di ohùn náà mú, ẹ kùn ún lábẹ́lẹ̀ títí yóò fi wọ̀ yín létí. Ó lọ́ra, ìrònú wà nínú rẹ̀. Tí Delphine bá wá gbé e, ẹ ó mọ̀ ọ́n láàárín ohùn mẹ́rin àkọ́kọ́. Ohùn yìí kan náà ni Alan àti Marilyn Bergman fi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí, tó di You Must Believe in Spring, tí àwọn olórin jáàsì kò yé ta títí di òní. Bill Evans, aládùùrù jáàsì, fi sọ orúkọ àwo orin kan tó gbà sílẹ̀ lọ́dún 1977. Ẹni tó bá ti mọ ti jáàsì yóò ní àǹfààní: yóò dá Maxence mọ̀ bí ẹni tó pàdé ará ilé ní ìlú òkèèrè. Orin Solange rọrùn jù láti dá mọ̀, nítorí pé dùùrù ló máa ń gbé e wọlé, ó sì ń ru bí omi òkun. Ti Simon àti Yvonne ló fara pamọ́ jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹlòmíràn kì í mọ̀ ọ́n títí di ìgbà tó bá wò ó lẹ́ẹ̀kejì.

Ìdí tí Yvonne fi kọ Simon sílẹ̀ nílò àlàyé, nítorí pé ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í gbé e jáde dáadáa. "Dame" ni orúkọ ìdílé Simon. Lédè Faransé, ìyáàfin ni "dame". Bí Yvonne bá fẹ́ ẹ, "Madame Dame" ni wọn yóò máa pè é, bí ẹni pé a ń pe èèyàn ní Ìyáàfin Ìyáàfin. Ó tijú orúkọ, ó parọ́ fún un pé òun ń lọ fẹ́ olówó kan ní Mẹ́síkò, ó sì ti ń kábàámọ̀ láti ìgbà náà. Àwàdà ni, ó sì dun èèyàn. Àwọn tó gbọ́ Faransé, irú àwọn èèyàn wa ní Kétu àti Pọ̀tónóvò, máa jẹ irú ẹ̀fẹ̀ báyìí tán yán-án-yán-án. Àwọn náà ni yóò gbádùn oúnjẹ alẹ́ kan tí gbogbo àwọn tó yí tábìlì ká ń sọ̀rọ̀ ní ìlà ewì oníṣílébù 12 tó ń bára wọn dọ́gba lópin, bí àwọn akéwì Faransé àtijọ́ ṣe ń kọ ọ́, tí wọ́n ń gba búrẹ́dì fún ara wọn bí ẹni pé báyìí ni gbogbo ayé ṣe ń sọ̀rọ̀. Tí ẹ bá gbẹ́kẹ̀ lé ìtumọ̀ ìsàlẹ̀ nìkan, ó lè kọjá kí ẹ má mọ̀ pé ewì ni. Ẹ tẹ́tí sí òpin ìlà.

Ìlú náà fúnra rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nínú eré. Rochefort kì í ṣe ìlú tó kàn hù bí olú. Láti ọdún 1666 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ọ fún Ọba Louis Kẹrìnlá gẹ́gẹ́ bí ibi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ogun ojú omi, ẹ̀bá odò Charente, wọ́n sì fa òpópónà rẹ̀ tààrà bí ẹni fi rúlà fà á, tí ọ̀kan ń dá èkejì kọjá ní igun gbọọrọ. Irú ìlú bẹ́ẹ̀ ló yẹ ìtàn yìí. Nínú òpópónà tó lọ́ kọ́lọkọ̀lọ, ẹni méjì tó kọjá láìrí ara wọn kò ní yà wá lẹ́nu. Nínú òpópónà tó tọ́ báyìí, a ń rí Delphine ní òpin kan, a ń rí Maxence ní òpin kejì, kí ọ̀kan sì wá yà sí ẹ̀gbẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣáájú kí ojú wọn tó kora! Ẹ̀rọ ìtàn náà kò ní ju ibi mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ: gbàgede, ilé kọfí, ilé ìtajà orin, ilé àfihàn àwòrán, àti ẹnu ọ̀nà ilé ìwé Boubou, àbúrò àwọn ìbejì. Ẹ máa ṣọ́ Boubou. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ lọ mú un wá láti ilé ìwé, ọwọ́ gbogbo èèyàn sì dí. Iṣẹ́ kékeré yìí ló gbé Solange pàdé Andy lójú pópó láìmọ̀ ẹni tí í ṣe, tí ìwé orin rẹ̀ fi bọ́ sílẹ̀. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú fíìmù yìí tí kò ní irú okùn bẹ́ẹ̀ nídìí.

Àwọ̀ ìlú náà kì í ṣe bí wọ́n ṣe bá a. Bernard Evein, tó ṣètò ibi eré, mú kí wọ́n kun ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn fèrèsé àti ara ilé ní àwọ̀ ewé, pupa rẹ́súrẹ́sú, yẹ́lò àti búlúù. Jacqueline Moreau dá aṣọ lé e lórí. Ẹ ó rí i pé funfun ni ìlú náà ní ìsàlẹ̀, òkúta rẹ̀ kò ní àwọ̀ tó pọ̀. Èyí ló jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó wọ aṣọ aláwọ̀ yọ gedegbe láti ọ̀nà jíjìn. Àwọ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ lásán níbí, òun ló ń jẹ́ kí ojú wa tètè rí ẹni tó ń bọ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ yẹ fún sùúrù. Àwọn ọkọ̀ akẹ́rù aláré dúró lórí afárá Martrou, tó ṣí lọ́dún 1900. Afárá yìí kò ní títì lórí. Pẹpẹ kan ni wọ́n fi okùn irin rọ̀ sí òpó gíga, tó ń gbé ọkọ̀ láti bèbè kan dé èkejì, kí ọkọ̀ ojú omi tó ní òpó gíga lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n na ara bí ẹni tó rẹ̀, ọ̀kan gbé apá, òmíràn yí ọrùn, ẹ kò ní mọ ìgbà tí nína ara di ijó. Ìyẹn ni ẹ̀kọ́ nípa bí fíìmù náà ṣe máa lò yín: kò ní sọ fún yín pé "orin ti bẹ̀rẹ̀". Láti ibẹ̀ ni kámẹ́rà ti lọ sí gbàgede, tó gòkè, tó sì wọ ojú fèrèsé àwọn ìbejì níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ níjó. Afárá náà ṣì wà. Òun nìkan ló kù nínú irú rẹ̀ ní gbogbo ilẹ̀ Faransé, wọ́n tún un ṣe, ó sì padà ṣí ní 2020. Ẹni tó bá lọ sí Rochefort lè fi ẹsẹ̀ tàbí kẹ̀kẹ́ wọ̀ ọ́ kọjá odò.

Ó ní àléébù, èmi kò sì ní bò ó mọ́lẹ̀.

Ohùn ni àkọ́kọ́. Wọ́n ti gba orin sílẹ̀ ní ilé ìgbohùnsílẹ̀ ṣáájú, àwọn òṣèré sì ń mi ẹnu sí i níta nígbà tí wọ́n ń yà á. Nínú àwọn òṣèré ńlá inú rẹ̀, Danielle Darrieux tó ṣe Yvonne nìkan ló fi ẹnu ara rẹ̀ kọrin. Anne Germain ló kọrin fún Catherine Deneuve tó ṣe Delphine, Claude Parent fún Françoise Dorléac tó ṣe Solange, Jacques Revaux fún Jacques Perrin tó ṣe Maxence. Àwọn mẹ́ta wọ̀nyí bá ẹni tí wọ́n kọ fún mu dáadáa. Ibi tó ti yọ síta ni ti Gene Kelly tó ṣe Andy: ẹni tó mọ ohùn Kelly láti inú àwọn fíìmù Amẹ́ríkà yóò gbọ́ ohùn ẹlòmíràn lójijì, etí rẹ̀ á ta. Kò sí ọgbọ́n kan sí i. Ẹ kàn mọ̀ tẹ́lẹ̀, kò ní yà yín lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀.

Ìfẹ́ Solange àti Andy ló tún fúyẹ́ jù. Kelly ti lé ní 50 ọdún nígbà tí wọ́n ya eré yìí lọ́dún 1966, Dorléac jẹ́ 24, wọn kò sì fún wọn ní àkókò púpọ̀ láti bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ohun tó gbà á là ni ẹsẹ̀ Kelly. Nígbà tó bá ń jó kọjá lójú pópó pẹ̀lú àwọn ọmọdé àti àwọn ọmọ ogun ojú omi, ara rẹ̀ ń sọ ohun tí ọ̀rọ̀ kò ráyè sọ.

Ijó àwọn yòókù kò gún régé tó orin. Norman Maen ló ṣètò ijó, ó sì fọ́n àwọn oníjó káàkiri lẹ́yìn àwọn òṣèré, tó fi jẹ́ pé ẹni tó ń kọjá lọ rajà á ṣàdédé fò sókè. Ó dùn, àmọ́ ní ibi tí èrò bá pọ̀, wọn kì í gbé ẹsẹ̀ pọ̀ dọ́gba. George Chakiris àti Grover Dale, aláré méjì tó ń ta alùpùpù níbi ayẹyẹ, ni ara wọn yá jù. Ayẹyẹ ọjọ́ Àìkú fúnra rẹ̀ gùn ju bó ṣe yẹ lọ. Àyàfi ìgbà tí àwọn ìbejì bá gorí pẹpẹ nínú aṣọ pupa tó ń dán, ibẹ̀ ni èmi ì bá ti gé ìṣẹ́jú mélòó kan kúrò.

Ẹ̀yin tó fẹ́ wò ó pẹ̀lú ọmọdé, ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ apànìyàn kan wà nínú rẹ̀. Wọ́n rí obìnrin kan tí wọ́n gé sí wẹ́wẹ́, ìlú ń sọ ọ́ lórin bí ẹni tó ń ka ìwé ìròyìn. Wọn kò fi ẹ̀jẹ̀ kankan hàn, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni, ṣùgbọ́n ọmọ tó lè ka ìtumọ̀ ìsàlẹ̀ yóò béèrè ìbéèrè. Kì í ṣe àṣìṣe pé ó wà níbẹ̀. Ẹ wo bí àwọn ológun ṣe ń tò kọjá nígboro lẹ́yìn àwọn oníjó, ẹ wo ọkùnrin ilé àfihàn àwòrán tó ń yin ìbọn sí àpò ọ̀dà kí ó lè ta sórí aṣọ funfun. Demy mọ̀ pé ayọ̀ tí kò ní òjìji lẹ́yìn kì í pẹ́ dun èèyàn.

Ní ti ẹ̀dà tí ẹ máa wò: wọ́n ya ti Gẹ̀ẹ́sì náà nígbà kan náà, ẹ má wá a. Ti Faransé tó ní ìtumọ̀ ní ìsàlẹ̀ ni kí ẹ mú, nítorí pé orí ọ̀rọ̀ Faransé ni orin náà jókòó lé. Ilé iṣẹ́ Criterion tó ń ta àwo fíìmù ní Amẹ́ríkà gbé e jáde lórí Blu-ray lọ́dún 2014 nínú àpótí tó kó àwọn iṣẹ́ Demy pọ̀. Àwo náà jẹ́ ti ẹkùn A; Nàìjíríà, Benin àti Bìrìtéènì wà ní ẹkùn B. Tí ẹ bá rà á sí Èkó tàbí Lọ́ńdọ́nù, ẹ̀rọ tí kò gba gbogbo ẹkùn kò ní ṣí i. DVD àtijọ́ ti ilẹ̀ Yúróòpù ní ìṣòro mìíràn: àwòrán 25 ló ń sáré láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan dípò 24, ohùn á wá ga sókè díẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àlàfo ohùn méjì tó fara kanra lórí dùùrù, fíìmù á sì kúrú ní nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Fún fíìmù ìbọn, kò burú. Fún èyí, ó ń ba nǹkan jẹ́.

Ẹ má fi fóònù wò ó tí ẹ bá ní ọ̀nà mìíràn. Ìbú àwòrán náà ju ìlọ́po méjì gíga rẹ̀ lọ, etí àwòrán gan-an ni Demy sì máa ń gbé ẹni tó fẹ́ kọjá láìrí ẹlòmíràn sí. Nítorí náà, ẹ fi ìlà dúdú tó wà lókè àti nísàlẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀; bọ́tìnì tó ń fẹ àwòrán kó kún ojú tẹlifísọ̀n yóò gé Maxence dànù níbi tó ti yẹ kí ẹ rí i. Ẹ tún pa ètò tẹlifísọ̀n tó ń mú kí ìrìn èèyàn máa dán bọ̀rọ́bọ̀rọ́, ó máa ń ba ẹsẹ̀ oníjó jẹ́. Ohùn tí ń jáde lẹ́yìn tẹlifísọ̀n pẹlẹbẹ kò lè gbé ìlù àti fèrè Legrand. Ẹ so ó mọ́ gbohùngbohùn méjì tí ẹ gbé jìnnà síra.

Fíìmù yìí wà lára àwọn tí wọ́n fà kalẹ̀ fún ẹ̀bùn Oscar fún orin, kò sì gbà á. Deneuve àti Dorléac kì í ṣe ìbejì, àmọ́ ọmọ ìyá ni wọ́n lóòótọ́: baba wọn ló ń jẹ́ Dorléac, Deneuve mú orúkọ ìdílé ìyá wọn. Françoise ni ẹ̀gbọ́n, wọ́n bí i ní oṣù kẹta ọdún 1942, Catherine tẹ̀lé e ní oṣù kẹwàá ọdún 1943. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà ọdún 1967, fíìmù náà kò tíì pé oṣù mẹ́rin tó jáde, Françoise kú nínú ìjàm̀bá ọkọ̀ nítòsí Nice. Ọdún 25 péré ni. Nígbà tí àwọn méjèèjì bá fi ara tira kọ orin ìbejì wọn, tí ọ̀kan ń parí gbólóhùn èkejì, ó ṣòro fún ẹni tó mọ̀ láti má fi ọwọ́ bo ẹnu. Nínú ilé tí wọ́n ti ń bí ìbejì, tí wọ́n ti mọ ohun tó túmọ̀ sí kí ọ̀kan lọ kí èkejì dúró, ẹ ó gbọ́ orin náà jinlẹ̀ ju bí àwọn tó kọ ọ́ ṣe rò lọ.

Nígbà tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù bá wá ń jáde kúrò nílùú láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, tí ó sì dà bíi pé ohun gbogbo ti parí, ẹ má tíì dìde. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà.